Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀

Ní ọjà Mont-Bouët tí ó wà ní Libreville, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gàbọ́ọ̀nù, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó mú kí n kọ àròkọ yìí. Ìpàdé kan lórí ẹ̀kọ́ èdè ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó gbé mi dé ìlú náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ìpàdé parí, mo ní kí n lọ fi ojú kan ọjà, nítorí ẹni tí ó bá dé ìlú onílùú tí kò dé ọjà wọn, kò tíì dé ìlú náà. N kò tíì rìn jìnnà láàárín àwọn ìsọ̀ aṣọ tí mo fi gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ Yorùbá lẹ́yìn mi. Ìyá kan ni. Ó jókòó ti ẹrù aṣọ rẹ̀, ó sì ń fi fóònù bá ìyá rẹ̀ tí ó wà nílé sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà abúlé wọn ní agbègbè Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n ń sọ. Mo gbọ́ tí ó ní: "Àìkú ni ẹ ná ọjà yẹn, Ìyá. Ọjọ́bọ̀ ni yóò tún padà bọ̀. Ẹ fara balẹ̀, owó yóò ti dé ọwọ́ yín kí ó tó di ìgbà náà."

Nígbà tí ó gbé fóònù sílẹ̀, mo kí i. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ajé á wọgbá o." Ó ní, "Àṣẹ o, Bàbá. Ẹ kú àbọ̀. Ṣé láti ilé ni?" Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ni oníbàárà kan dé tí ó ń béèrè irú aṣọ kan tí kò sí lórí àtẹ. Ìyá náà fi èdè Faransé dá a lóhùn pé ẹrù tuntun yóò dé "dans huit jours". Ó wá yí sí mi, ó ní, "Ọjọ́ mẹ́jọ òní ni ẹrù mi yóò dé, Bàbá. Bí ẹ bá ṣì wà nílùú, ẹ padà wá rà fún ìyàwó yín." Mo dúpẹ́, mo sì kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni mo gbé lọ sí ilé tí mo wọ̀ sí: Ọjọ́bọ̀ tí ó padà bọ̀, àti ọjọ́ mẹ́jọ tí Faransé àti Yorùbá jọ ń kà bákan náà.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ìdí tí ọ̀rọ̀ kìíní fi gún mi lọ́kàn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé pẹ̀lú oyè yunifásítì, tí mo sì gba iṣẹ́ olùbẹ̀wò ilé-ìwé, mo ṣe ìbẹ̀wò sí ilé-ìwé kan ní ìgbèríko. Olùkọ́ tí mo bá nínú kíláàsì kẹrin jẹ́ obìnrin àgbà tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì. Orúkọ àwọn ọjọ́ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí ó kan Ọjọ́bọ̀, ó ní kí gbogbo wọn na ọwọ́ ọ̀tún sókè, kí wọ́n sì máa ka ìka láti orí Àìkú. Àtàǹpàkò ni Àìkú, ìka tí ó kéré jù lọ sì ni Ọjọ́bọ̀. Ó ní, "Àìkú lọ, ó padà bọ̀. Òun ni Ọjọ́bọ̀." Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìbẹ̀wò pé olùkọ́ náà ń fi àròsọ kọ́ ọmọ, àti pé kí ó lọ ka ìwé. Ìwé tí mo ní lọ́kàn ní í sọ pé Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí à ń bọ òrìṣà, mo sì ti fi èyí sọ́kàn láti ìgbà èwe mi. Ìyá náà ka ohun tí mo kọ, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá," kò sì sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ohun tí ó jẹ́ ìtìjú fún mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe pé n kò mọ̀ pé orúkọ ọjọ́ lè gbé ìtàn pamọ́. Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn ni mo mọ̀. Ní yunifásítì tí mo lọ, mo ní akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ kan tí ó wá láti Curaçao, erékùṣù kan ní òkun Karibíánì tí àwọn ará Hólàńdì gbà ní 1634, tí wọ́n sì sọ di ọjà ẹrú. Papiamentu ni èdè ìbílẹ̀ rẹ̀, èdè tí ó hù láti inú Potogí, Sípéènì, Hólàńdì àti èdè àwọn ènìyàn wa tí a kó lọ. Ó ka orúkọ ọjọ́ méjèèje fún mi: djadumingu, djaluna, djamars, djárason, djaweps, djabièrnè, djasabra. Ẹni tí ó bá gbọ́ Sípéènì díẹ̀ yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni mẹ́fà nínú wọn gbà wá. "Dja" ni ọjọ́, ohun tí ó tẹ̀lé e sì jẹ́ orúkọ tí Sípéènì tàbí Potogí ń pe ọjọ́ náà. Djárason nìkan ni ó yàtọ̀. Kò sí ohun kankan nínú orúkọ tí Sípéènì ń pe Ọjọ́rú tí ó jọ ọ́. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ èdè náà gbà ni pé "ọjọ́ ìpín oúnjẹ" ni, nítorí pé ọjọ́ náà ni àwọn olóko máa ń wọn oúnjẹ ọ̀sẹ̀ fún àwọn ẹrú wọn. Ìjọba Hólàńdì fi òpin sí oko ẹrú ní àwọn erékùṣù náà ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1863. Kò sí ẹni tí ó ń wọn àgbàdo fún ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ọjọ́ ìwọ̀n náà kò kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wọn títí di òní. Ọ̀rẹ́ mi ní ìyá òun àgbà ń sọ djárason lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé oúnjẹ ẹrú ni òun ń dárúkọ.

Mo kọ ìtàn yìí sínú ìwé mi nígbà náà, mo sì yìn ín gidigidi. Èmi kan náà ni mo wá dé ilé tí mo sọ fún àgbà obìnrin pé àròsọ ni tirẹ̀.

Kí a tó lè ṣe ìdájọ́ lórí Ọjọ́bọ̀, ó di dandan kí a kọ́kọ́ mọ bí àwọn baba wa ti ń ka ọjọ́. Nínú ìṣirò tiwọn, ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀ wà nínú iye tí a ń kà. Bí òní bá jẹ́ Ajé, tí mo sì sọ pé òní ọjọ́ mẹ́jọ ni n ó padà, Ajé tí ń bọ̀ ni mo wí, kì í ṣe Ìṣẹ́gun. Ìdí nìyí tí ọjà tí à ń ná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrún, bí ẹni pé márùn-ún ni. Ìsán, tí í ṣe ẹ̀sán, kò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ ní ti ìṣirò ilé-ìwé, ìtàdógún tí ó ti inú ẹ̀tàdínlógún wá kò sì ju mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹ ó rí i pé mẹ́rin lọ́nà kan, lọ́nà méjì àti lọ́nà mẹ́rin ni àwọn iye wọ̀nyí. Èyí da àwọn Òyìnbó kan rú nígbà àtijọ́. A. B. Ellis, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìwé lórí àwọn Yorùbá ní 1894, kọ ọ́ pé ọjọ́ márùn-ún ni ọ̀sẹ̀ wa. Bí ó bá jẹ́ pé Faransé ni, bóyá ìbá má ṣìnà, nítorí Faransé náà ń pe ọjọ́ méje ní "huit jours", tí í ṣe ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì ń pe ọjọ́ mẹ́rìnlá ní "quinze jours", tí í ṣe ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyá oníṣòwò wa ní Mont-Bouët kò nílò kí ó ṣe ìṣirò kankan kí ó tó ti inú èdè kan bọ́ sí èkejì.

Ọ̀sẹ̀ àbáláyé ti àwọn Yorùbá, nígbà náà, jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó. Ní ibi púpọ̀ ni ọjà ń bá àwọn ọjọ́ wọ̀nyí rìn, tí ìlú kan ń ná ọjà tirẹ̀ ní ọjọ́ kan, tí ìlú kejì ń ná tirẹ̀ ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, kí alájàpá baà lè rí ọ̀nà yípo. Àwọn Igbo tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa ní ọjọ́ mẹ́rin tiwọn, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ. Àwọn Akan ní ilẹ̀ Gánà ní tiwọn ní ọjọ́ méje láti ìgbà pípẹ́, débi pé ọjọ́ tí a bí ọmọ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Kofi ni ọmọkùnrin tí a bí ní Ẹtì, Kwame sì ni ti Àbámẹ́ta.

Ọjọ́ méje kì í ṣe ti àwa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ni ó kọ́kọ́ mú un wọ ilẹ̀ wa láti òkè ọya. Kí Thomas Birch Freeman tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, tí Henry Townsend sì tẹ̀lé e dé Abẹ́òkúta ní 1843, àwọn Ìmàle ti ń kírun Jímọ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé, ní Ìsẹ́yìn, ní Ìwó àti ní Èkó. Orúkọ tí wọ́n mú wá ṣì wà lẹ́nu wa: Àlàmísì, Jímọ̀, àti lẹ́nu àwọn àgbà, Àtàláátà àti Àlàrùba. Èdè Lárúbáwá ni ìpilẹ̀ wọn, ìṣirò lásán sì ni ìtumọ̀ púpọ̀ nínú wọn. Àìkú ni ọjọ́ kìíní, Ajé ni ìkejì, Àtàláátà ni ìkẹta, Àlàrùba ni ìkẹrin, Àlàmísì ni ìkarùn-ún. Àwọn Haúsá ń pe méjì ìkẹyìn ní Laraba àti Alhamis, ẹ ó sì gbọ́ ìró kan náà nínú Lamisigbe tí àwọn Fọ̀n ní Bẹ̀nẹ̀ ń pe Ọjọ́bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye wọ̀nyí sọ́kàn, pàápàá ìkẹrin àti ìkarùn-ún, nítorí a ó padà sí orí wọn.

Bí ọjọ́ méje ti ń ta gbòǹgbò, ọ̀rọ̀ àtijọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìtumọ̀ padà. Ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà. Ọ̀sẹ̀ Ifá ń bọ̀ ní ọrún, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀sẹ̀ Ọbàtálá. Nígbà tí ẹ̀sìn Kristi fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, ọjọ́ ìjọsìn tiwọn di ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ọmọ tí a bí sínú rẹ̀ sì di Abọ́sẹ̀dé. Nígbà tí ó yá, gbogbo ọjọ́ méje láti ìjọsìn kan dé èkejì ni a ń pè ní ọ̀sẹ̀. Mo rí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọ̀rọ̀ yìí ní Gàbọ́ọ̀nù. Àwọn Fang, tí wọ́n pọ̀ ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, ń pe ọ̀sẹ̀ ní "sondo", Sunday ti èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni baba rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò béèrè bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe wọ ilẹ̀ tí Faransé ti jọba. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn oníwàásù ará Amẹ́ríkà ti dó sí Baraka, tí ó wà nínú Libreville nísinsìnyí, láti 1842. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Faransé kọ́ odi tirẹ̀ sí ibẹ̀, ó sì di 1849 kí a tó tẹ Libreville dó fún díẹ̀ nínú àwọn tí a gbà sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú Elizia, tí ọkọ̀ ogun Faransé mú ní 1846. Ìlú òmìnira ni ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí Freetown tí wọ́n gbé Àjàyí Crowther sọ̀kalẹ̀ sí ní 1822 ti jẹ́. Faransé gba ilẹ̀, ó gba ilé-ìwé, ó gba òfin, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ó ń jẹ́ "sondo" yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó tó àkókò kí a wọ inú ọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ fúnra rẹ̀. Àlàyé tí ó wà nínú orí mi nígbà tí mo bá ìyá olùkọ́ náà wí ni pé ọjọ́ tí à ń bọ òrìṣà ni. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ jọ̀wọ́ pe ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu. Bọ tí a fi ń bọ Ògún jẹ́ ohùn àárín. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ẹbọ, nínú abọrìṣà àti nínú ìbọ. Bọ̀ tí ó jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń padà bọ̀, òun sì ni ó wà nínú àbọ̀ tí ìyá Mont-Bouët fi kí mi. Lẹ́nu ẹni tí ó bá sọ Yorùbá dáadáa, ohùn ìsàlẹ̀ ni ìparí Ọjọ́bọ̀. Bí ọjọ́ bá pàdé ẹbọ, tí fáwẹ́lì sì pa jẹ, kò sí ohun tí yóò ti ohùn àárín ẹbọ ṣubú lulẹ̀. Nítorí náà, àlàyé ti òrìṣà kò dúró. Àwọn ìwé kan ń kọ ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì kankan sí ìparí rẹ̀, àfi bí ẹni pé ohùn kò ṣe nǹkan kan ní èdè wa, kíkọ bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣi èmi náà lọ́nà. Etí ìyá olùkọ́ yẹn ni ó gbọ́ràn. Ojú mi ni ó kàwé.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ọjọ́ kan ni ó padà bọ̀, ọjọ́ wo ni? Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àbáláyé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀sẹ̀ méje ti àwọn Ìmàle, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà pọ̀ nínú ìlú kan náà fún ọ̀pọ̀ ìran. Kí a gbà pé Àìkú ọ̀sẹ̀ kan bọ́ sí ọjọ́ Ọbàtálá. Ajé yóò jẹ́ ti Awo, Ìṣẹ́gun ti Ògún, Ọjọ́rú ti Jàkúta. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, Ọbàtálá tún dé. Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ Ògún ni ó ni Àìkú ọ̀sẹ̀ náà, Ògún ni yóò tún ni Ọjọ́bọ̀. Kò sí ọ̀nà tí ó lè gbà yẹ̀, nítorí ọrún ni láti Àìkú dé Ọjọ́bọ̀. Ọjà tí a ná ní Àìkú kò ní ọjọ́ mìíràn tí yóò padà sí ju Ọjọ́bọ̀ lọ, ohun tí ìyá oníṣòwò ń sọ fún ìyá rẹ̀ nìyẹn láti òdìkejì òkun. Ìka àtàǹpàkò àti ìka kékeré àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin yẹn náà sọ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ibì kan, àwọn àgbà a máa pe Ọjọ́bọ̀ ní Àṣẹ̀ṣẹ̀dáyé, orúkọ tí ó bá ọjọ́ tí ìṣirò tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun mu rẹ́gí.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ní Libreville, mo mú bébà, mo sì tẹ̀síwájú nínú ìṣirò yìí ju ibi tí ìyá olùkọ́ náà bá a dé lọ. Àìkú àti Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ajé àti Ẹtì jẹ́ ọ̀kan. Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta jẹ́ ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́fà ti ní ẹnì kejì. Ó ku ọ̀kan ṣoṣo tí kò ní alábàárìn nínú ọ̀sẹ̀, ọ̀kan náà sì ni Ọjọ́rú. Òrìṣà tí ó bá ni Ọjọ́rú kì í ní ọjọ́ kejì nínú ọ̀sẹ̀ méje náà. Ó di Àìkú ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ kí ó tó tún yọjú. Àní, òun gan-an ni ó ń mú kí gbogbo ètò yẹ̀ sẹ́yìn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí Àìkú tí ó jẹ́ ti Ọbàtálá lónìí fi ń di ti Jàkúta ní ọjọ́ mẹ́jọ òní, tí ó sì fi ń gba ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kí ètò tó padà sí bí ó ti wà. Ọjọ́ tí ó rú ìṣirò ni. Bí a ti ń sọ pé ènìyàn rú òfin, tàbí pé ó rú ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè sọ pé ọjọ́ rú.

N kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ayọ̀ ìṣirò gbé mi kọjá ibi tí ẹ̀rí dé, nítorí mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ sì ti gbọ́ ẹni tí mo fi ìyà rẹ̀ jẹ. Ohun tí mo sọ nípa Ọjọ́bọ̀, mo dúró lórí rẹ̀, nítorí ohùn, ìtumọ̀ àti àṣà ọjà ni wọ́n jọ gbè é lẹ́sẹ̀, tí Àlàmísì tí í ṣe ìkarùn-ún sì wá ṣe ẹlẹ́rìí láti ìta. Ti Ọjọ́rú kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ọjọ́ ẹbọ rírú ni. Ohùn kò ta ko èyí, nítorí rú tí a fi ń rúbọ jẹ́ ohùn òkè bí ti rú tí a fi ń da nǹkan rú. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé rú kì í dá dúró ní ìtumọ̀ ẹbọ. Bí a kò bá dárúkọ ẹbọ mọ́ ọn, kò sí ẹni tí yóò mọ ohun tí a rú. Síwájú sí i, òrìṣà wo ni ó ń gba ẹbọ ní Ọjọ́rú tí kì í gbà á ní àwọn ọjọ́ yòókù, nígbà tí ọjọ́ òrìṣà kọ̀ọ̀kan ń yí kiri inú ọjọ́ méjèèje?

Àlàyé mìíràn wà tí ó lágbára ju èyí lọ, tí kò sì fara mọ́ tèmi pátápátá. Láàárín àwọn Mùsùlùmí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, Àlàrùba jẹ́ ọjọ́ tí a ń fura sí. Kùránì sọ nípa ọjọ́ àjálù tí ìjì pa àwọn ará Ádì run, àwọn atúmọ̀ kan sì ní Ọjọ́rú ni ọjọ́ náà. Àwọn kan bẹ̀rù Ọjọ́rú tí ó kẹ́yìn oṣù. Ní erékùṣù Java pàápàá, wọ́n ní orúkọ àti àdúrà pàtàkì fún Ọjọ́rú tí ó kẹ́yìn oṣù Sàfárì. Bí àwọn alùfáà ilẹ̀ wa bá ti ń kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe dáwọ́ lé ohun tuntun ní ọjọ́ yẹn kí ó má baà dàrú, orúkọ náà lè ti ibẹ̀ wá láìsí pé ẹnikẹ́ni ka òrìṣà mẹ́rin mọ́ ọjọ́ méje. Bí a bá wo Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ẹtì, tí ọ̀kan jẹ́ ọrọ̀, tí ọ̀kan jẹ́ borí ọ̀tá, tí ìkẹta jẹ́ kí nǹkan tì, a ó rí i pé orúkọ ire àti ibi pọ̀ nínú ọ̀sẹ̀ náà lóòótọ́. Àbámẹ́ta àti Àìkú náà ní ìtumọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n n kò ní nǹkan tuntun láti fi kún ohun tí gbogbo wa ti gbọ́ lórí wọn.

Síbẹ̀, ẹ wo bí a ti kọ́ orúkọ wọ̀nyí. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ẹtì, Àìkú: ọ̀rọ̀ orúkọ ni gbogbo wọn, a sì lè fi ọjọ́ síwájú wọn. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni a kọ́ gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn tí ó pé: ọjọ́ rú, ọjọ́ bọ̀. Wọ́n tẹ̀lé ara wọn, ọ̀nà kan náà ni a sì gbà ṣe wọ́n. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé àlùfáà ni ó sọ ọ̀kan lórúkọ nítorí orí burúkú, kí ọlọ́jà sì wá sọ èkejì lórúkọ nítorí ìṣirò. Ẹnu kan náà ni ó dà bí ẹni pé ó pè wọ́n. Ibi tí mo dúró nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ẹ̀rí tí yóò ṣí mi nídìí níbẹ̀, inú mi yóò dùn láti kà á lórí àwọn ojú-ìwé yìí.

Fún ìdí èyí ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà ní ìgbèríko àti ní ìlú, ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀bú, ní Àkókó, ní Ṣakí, ní Ìlọrin, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ Yorùbá ní àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ẹ bi àwọn ìyá ọlọ́jà léèrè bí wọ́n ti ń ka ọjọ́ ọjà wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá ọjà tí ó bọ́ sí Ọjọ́rú ní orúkọ tàbí èèwọ̀ kan tí kò sí fún ti ọjọ́ yòókù. Ẹ gbọ́ ohùn tí wọ́n fi ń parí Ọjọ́bọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe bí ẹ ti rí i nínú ìwé. Ẹ tètè ṣe é, nítorí Tọ́sìdè ni àwọn ọmọ wa ń wí báyìí.

Nígbà tí mo padà dé ilé, mo lọ sí ilé-ìwé tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé ìbẹ̀wò àtijọ́ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ilé-ìwé, ikán sì ti jẹ etí rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ ti tẹ́lẹ̀ pé èmi olùbẹ̀wò ni mo ṣe àṣìṣe, kì í ṣe olùkọ́, mo sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá ilé-ìwé mú mi dé ilé ìyá náà. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá, ó sì rẹ́rìn-ín pé òun ti gbàgbé. N kò gbà á gbọ́. Mo wá bi í pé, "Ìyá, bí Ọjọ́bọ̀ bá jẹ́ Àìkú tí ó padà bọ̀, Ọjọ́rú ńkọ́?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ka ìka rẹ̀ láti àtàǹpàkò dé ìkẹrin, ó sì dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ìyá mi kò sọ ti Ọjọ́rú fún mi, èmi náà kò sì rántí bi í."